Ìṣákọ́lẹ̀ Tí Mo Fi Kágò Ránṣẹ́

Bàbá mi kò ní ilẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ dáko sí, tí òun náà ń dáko sí, tí a sin ìyá mi sí, ti onílẹ̀ ni. A kò gbọdọ̀ gé ẹyìn kan níbẹ̀, onílẹ̀ ló ni ọ̀pẹ. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá jáde, bàbá mi á ru iṣu mẹ́fà lọ sílé wọn láti lọ dọ̀bálẹ̀. Ìyẹn ni ìṣákọ́lẹ̀ wa. Kò mú mi dání rí. Bí mo bá ní mò ń bọ̀, á rán mi lọ pọnmi.

Ní sẹ́kọ́ńdìrì, olùkọ́ kọ́ wa pé láyé àtijọ́, àwọn àgbẹ̀ òyìnbó kan kò lè kúrò lórí ilẹ̀ olúwa wọn láìgbàṣẹ. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ onílẹ̀ wa wà láàárín wọn. Inú bí mi, mo sì búra pé n kò ní dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nítorí ilẹ̀. Mo kàwé, mo dé Dubai, mo ń ṣiṣẹ́ báńkì.

Lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ bàbá mi kọṣẹ́, kò lè ru iṣu lọ mọ́. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Mo lọ sí àdúgbò Al Muraqqabat ní Dubai, mo ra kápẹ́ẹ̀tì ńlá, aago ara ògiri àti bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì, mo kó wọn fún oníkágò pé kí wọ́n gbé e fún onílẹ̀. Mo ń súfèé lọ sílé. Mo rò pé mo ti dójú ti iṣu mẹ́fà. N kò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Àbúrò mi obìnrin pè mí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀ padà o. Wọ́n ní ṣé ẹ fẹ́ fi ra ilẹ̀ àwọn ni? Tí ẹ ò bá dọ̀bálẹ̀ títí Saturday, ká kúrò lóko.”

“Ìwọ lọ bá mi kúnlẹ̀ fún wọn.”

“Mo ti lọ. Wọ́n ní ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ làwọn fẹ́ rí.”

Mo bẹ ọ̀gá mi fún ìsinmi. Ó ní khalas, ọ̀rọ̀ ti parí, kò sáyè. Èmi tí mo sá fún onílẹ̀ tún ń tọrọ àṣẹ kí n tó lè lọ sílé bàbá mi! N kò lè jókòó mọ́. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin metro, mo sọ̀ kí n tó débi tí mò ń lọ. Mo rìn káàkiri etí omi ní Al Khan, nítòsí ilé wa. Nílé wa ní Abu Shagara, mò ń lọ mò ń bọ̀ nínú pálọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó,” ni ìyàwó mi wí. “Òòyì ti ń kọ́ mi.”

Ní àárọ̀ Saturday, àbúrò mi gbé iṣu mẹ́fà lọ sílé onílẹ̀, ó sì fi fídíò pè mí. Bàbá onílẹ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀, ọmọ kíláàsì mi, ló jókòó sórí àga. Mo ro ti sàréè ìyá mi. Mo gbé fóònù fún ìyàwó mi, mo dọ̀bálẹ̀.

“Ìyàwó wa, ẹ gbé fóònù yẹn wálẹ̀ díẹ̀,” ni ọkùnrin náà wí. “N ò rí àyà ẹ̀ nílẹ̀.”

Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e wálẹ̀. Mo fi àyà kan kápẹ́ẹ̀tì.

“Ó dáa. Kí Bàbá máa dáko wọn lọ.”

Mo gbójú sókè láti dúpẹ́. Nínú fídíò náà, bàbá mi wà lẹ́yìn ọkùnrin náà lórí àpótí; n kò mọ̀ pé wọ́n gbé e wá. Ó wò mí nílẹ̀ níbi tí mo wà, ó sì yíjú sí ògiri. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìdí tó fi máa ń rán mi lọ pọnmi.