Ibi Tí Nẹ́pítúnù Bọ́ Sí

Ọkọ mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń rìn jẹ́jẹ́. Bí ẹni tí òjò ń lé ló máa ń rìn, èmi a sì máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, n ó máa mí hẹlẹ. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe, ó ń jó irin pọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá, kò sì jìnnà sílé, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé àwọn ènìyàn ló máa ń gbà wálé. Yóò bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ aṣọ tí wọ́n sá, yóò fo gọ́tà. Bí mo bá bú u, á ní, "Ọ̀nà kan ò wọjà." Irọ́ ni. Kọ́nà tó wà lójú títì yẹn ló ń sá fún.

Níbẹ̀ ni ọmọ wa obìnrin kú sí, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí. Òun àti bàbá rẹ̀ ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ti lọ síwájú, ọmọ dúró láti di okùn bàtà rẹ̀. Ó pariwo pé, "Ẹ dúró dè mí!" Ọkọ mi kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Máa sáré bọ̀." Ọmọ sáré. Típà oníyanrìn ló gbá a. Láti ọjọ́ náà ni àwọn aládùúgbò kò ti mọ ohun tí wọn yóò máa pè wá, nítorí orúkọ ọmọ yẹn ni wọ́n fi ń pe bàbá, òun náà ni wọ́n fi ń pe ìyá. Nígbà tó yá, ọkọ mi di Wẹ́dà, èmi di Ìyàwó Wẹ́dà. Mi ò bá wọn jà, kí ni wọn ì bá ṣe?

Lọ́dún yìí ni tíṣà sáyẹ́ǹsì iléèwé tó wà lókè títì gbé iṣẹ́ kan wá. Ó ní kí ọkọ mi fi irin ṣe oòrùn àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì, kí ó rì wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì lórí òpó, kí àwọn ọmọ lè fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn láti ọ̀kan dé èkejì, kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó. Oòrùn yóò wà lẹ́nu géètì iléèwé, ayé wa yóò wà ní ọgọ́rùn-ún mítà sí i, àwọn yòókù yóò sì tẹ̀ lé ìṣirò yẹn.

Iṣẹ́ náà wọ ọkọ mi lára. Òun tí kì í sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ wá di asọ̀rọ̀ má gbèsì. Ó ní Júpítà, tí òun ṣe tó ọsàn ńlá, lè gbé gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì yòókù mì, ìjì kan sì ń jà lára rẹ̀ tó ti ń jà kí wọ́n tó bí bàbá àgbà ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ní bí a bá rí omi tó gba Sátọ̀nù, yóò léfòó. Mo ní kó rọra, kí òrùka tó yí i ká má lọ bọ́ sódò. Ó rẹ́rìn-ín! Lẹ́yìn náà ló kan Yúránọ́ọ̀sì, tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tó ń yí gbirigbiri. Ó ní ìpẹ̀kun rẹ̀ kan lè wà nínú òkùnkùn fún ohun tó lé ní ogójì ọdún kí ilẹ̀ tó mọ́ níbẹ̀. Ó wá tẹjú mọ́ abọ́.

Nẹ́pítúnù, tó ní ojú lásán ò lè rí lójú ọ̀run, ló kẹ́yìn, kò tó ẹyin adìẹ. Ọjọ́ tó lọ rì í, ó dé, ó lọ sùn láìjẹun.

Lọ́jọ́ kejì ni tíṣà wá, ó ku ọ̀la kí àwọn ọmọ rin ọ̀nà náà. Ọkọ mi ò tíì dé.

"Ẹ kú ilé, mà. Nẹ́pítúnù ò sí níbi tó yẹ. Ó yẹ kó pé kìlómítà mẹ́ta sí géètì. Kọ́nà tó wà lójú títì yẹn gan-an ló bọ́ sí, àmọ́ Wẹ́dà ní àpáta wà níbẹ̀."

Mo mọ̀ pé kò sí àpáta níbẹ̀. Mo ní, "Ṣé ohun tí ojú lásán ò rí náà lẹ̀ ń wọ̀n tó báyìí?"

Ó jókòó. "Ojú kọ́ ni àwọn onímọ̀ fi kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, mà. Yúránọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wò. Wọ́n rí i pé ó ń yà díẹ̀ kúrò lọ́nà tó yẹ kó máa gbà. Wọ́n ní, nǹkan kan wà níbẹ̀ tá ò rí, òun ló ń fà á. Wọ́n ṣírò ibi tó máa wà, wọ́n kọjú awò awọ̀nàjíjìn síbẹ̀, wọ́n bá a."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Irú Yúránọ́ọ̀sì yẹn ni mo fẹ́ sílé.

Bí ọkọ mi ṣe wọlé, mo bi í pé, "Wẹ́dà, àpáta wo ló wà ní kọ́nà?"

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Mo gbé e débẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ọmọ wa. Mo padà sẹ́yìn, mo lọ rì í síbòmíràn."

Inú bí mi, kì í sì í ṣe torí irọ́ tó pa. Ìlara ló ń ṣe mí. Kọ́nà yẹn ni mò ń gbà lọ sọ́jà. Mo máa ń rọra rìn, mo máa ń tẹ́tí. Kò pè mí rí, èmi tí mo lóyún rẹ̀.

"Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran," ni mo wí. "Ṣé irọ́ lẹ fẹ́ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́la?"

"Bó bá tún pè mí ńkọ́?"

"Ẹ dá a lóhùn."

Ní kùtù òwúrọ̀, kọnkéré ìdí Nẹ́pítúnù ò tíì le tán, ó fa òpó náà tu, ó gbé e lé èjìká, ó mú dígà, ó sì bọ́ síwájú bí ìṣe rẹ̀. Èmi ru abọ́ sìmẹ́ǹtì tẹ̀ lé e. Bí a ṣe ń sún mọ́ kọ́nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ túbọ̀ ń yá, bí ẹni tó fẹ́ ti ibẹ̀ kọjá kíá. Èémí mi gé.

"Ẹ dúró dè mí!"

Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ ohun tí mo sọ.

Ọkọ mi dúró. Ó gbé Nẹ́pítúnù sílẹ̀, ó sì yí padà.

"Ẹ má bínú, èmi ni," mo wí.

"Mo mọ ohùn rẹ," ló dáhùn. "Ẹ̀yin méjì lẹ pè mí."

Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo sọ abọ́ kalẹ̀. Kò mú dígà. Ojú ọ̀nà tí mo gbà wá ló ṣì ń wò, ó na ọwọ́ kan síwájú díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ di ọmọdé mú lọ́wọ́. Mo yí padà wò, mi ò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Síbẹ̀, mo bá a dúró dè é.