Etí Odò Tí Mo Gbá Mọ́

Mo rántí ìró tí mo kọ́kọ́ gbọ́. Kò ju bí ìgbà tí èèyàn da garawa yanrìn kan sómi lọ. Àárọ̀ Sátidé ni, òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, mo sì wà ní ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ayigya, mo ń fẹ́ iná. Nígbà tí mo yọjú síta, ilẹ̀ ti là láti ẹsẹ̀ ògiri títí dé etí odò, ó fẹ̀ tó ibi tí ọwọ́ mi lè wọ̀. Dípò kí n sá, ìgbálẹ̀ ni mo mú. Mo ní kí n gbá erùpẹ̀ bo ojú ibẹ̀ kí àlejò má baà rí i.

Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá sí Kùmásì ní ilẹ̀ Gánà, a sì máa sọ fún wa pé àlejò tí àgbàlá rẹ̀ bá dọ̀tí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lé. Ilé kan ṣoṣo tó kọ́ sílẹ̀ kó tó kú ni mò ń gbé, mi ò ní òmíràn. Nítorí náà, ní gbogbo Sátidé, mo máa ń gbálẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí omi bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi, tó ń tún mọ́tò ṣe ní Suame Magazine, ti bá mi fi àdá ṣán gbogbo oparun àti eèsún tó wà níbẹ̀, torí ejò. Ìyá àgbà ará Àṣàǹtí tí ọgbà rẹ̀ bá tiwa pààlà, tí gbogbo wa ń pè ní Nana, kò ṣán tirẹ̀. Ọ̀bùn ni mo kà á sí. Òun náà, tó ń pè mí ní Alátà bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, a máa kígbe sí mi lédè Twi pé, "Alátà, o tún ti ń fá orí odò? Bí òtútù bá mú un, inú ilé rẹ ló máa wá wọ̀ o!" Èmi a sì máa rẹ́rìn-ín.

Ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí ilẹ̀ gbé ilé ìdáná sódò, tó gbé mi mọ́ ọn. Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Gbòǹgbò oparun Nana ni mo rí dì mú, òun ni mo rọ̀ mọ́ títí àwọn aládùúgbò fi ju okùn sí mi. Nana fi aṣọ tirẹ̀ bò mí, ó ń sọ pé, "Due, due," ìyẹn pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, "Ìgbálẹ̀ rẹ ńkọ́?"

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀gá kan fi dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìlú, ó fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ògiri wa. Ó ní ilé náà ti sún mọ́ odò jù, wíwó ni wọ́n máa wó o. A bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní bí igi àti koríko bá lè di etí odò mú títí òjò ọdún tó ń bọ̀ á fi parí, òun á padà wá wò ó. "Àmọ́ mi ò ṣèlérí o."

Nana ló fún wa ní oparun àti eèsún tí a gbìn. Ó ní ká fi ewé gbígbẹ bo ìdí wọn, ká má sì fọwọ́ kan ilẹ̀ náà ní Ọjọ́bọ̀, torí ọjọ́ yẹn ni ilẹ̀ ń sinmi. Mo gbà. Ọkọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọmọ Alhaji, ṣé odò lo wá ń bọ báyìí?" Mo ní, "Ìbàdí mi ló ń sinmi, ẹ fi mí sílẹ̀."

Iléyá wá kù ọ̀la. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Bantama, ojú sì ń tì mí fún bí àgbàlá ṣe rí játijàti. Mo ní kí n kàn gbá ẹnu ọ̀nà díẹ̀. Ọwọ́ mi ò dúró. Nígbà tí màá fi gbé orí sókè, mo ti kó gbogbo ewé náà dànù, mo sì ti fa àwọn eèsún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ tu bí ẹní ń tu èpò. Nana dúró sẹ́nu ààlà, ó ń wò mí. "Mo ti ń rò pé odò ló fẹ́ pa ọ́," ó ní. "Àṣé ìwọ fúnra rẹ ni." Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Lẹ́yìn Iléyá, ó tún gbé eèsún mìíràn wá. "Ẹ̀ẹ̀kẹta ò sí o."

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, bó bá ti ṣú báyìí, màá di ẹrù, màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, màá máa retí ìró yanrìn yẹn. Mo jókòó bẹ́ẹ̀ títí egungun ẹ̀yìn ń ro mí. Omi kún, ó fà, ó tún kún. Eèsún dọ̀bálẹ̀, ó tún dìde. Ilẹ̀ ò là.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá náà padà dé, ó fi ọ̀pá irin gún ilẹ̀ káàkiri, ó fọwọ́ fa oparun wò. Ó ṣí ọ̀dà funfun, ó fi pa àmì pupa náà rẹ́. Ìgbà tó ń lọ ló tó yíjú padà: "Màámì, wọ́n ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ má gbá ibẹ̀ o." Nana bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn oparun rẹ̀.

Ó yẹ kí n yọ̀, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí jù. Mo mú ìgbálẹ̀, mo gbálẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo dé ibi tí ewé gbígbẹ ti bẹ̀rẹ̀, apá mi ṣì fẹ́ máa lọ. Mo dá a dúró. Títí dòní, ní gbogbo Sátidé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń dá a dúró.