Fótò Ìbejì Tó Gbé Mi Dé Àpòmù

Àkùkọ kò tíì kọ lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí mo jókòó sínú ọkọ̀ ní gáréèjì Ìsẹ́yìn, tí mo fi àpótí mi há àárín ẹsẹ̀. Ọdún kejì lẹ́yìn òmìnira ni. Àwọn tó máa ń rìnrìn àjò a máa wí fún wa pé ìrìn àjò dùn. Èmi kò rí adùn kankan nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí ohun tí mo ń lọ wò kì í ṣe ohun tí ẹnu ń gbà sọ. Fótò kan ló wà nínú àpótí náà, mo fi ìró wé e, òun ló sì lé mi jáde nílé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti fótò náà. Àbúrò mi Ìdòwú ló fi ránṣẹ́ láti Àpòmù, níbi tí ó ti lọ́kọ. Ó bí ìbejì, obìnrin ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Nínú fótò náà, Táyé àti Kẹ́hìndé jókòó sórí àpótí méjì, wọ́n wọ aṣọ tí èmi fúnra mi rán fún wọn, nítorí iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe. Nígbà tí mo ń rán aṣọ ọ̀hún, yádì kò tó. Mo rán àpò sí àyà ti Táyé, ti Kẹ́hìndé kò sì ní àpò. Mo mọ̀ pé ohun kan náà là á ṣe fún ìbejì, ojú sì tì mí, ṣùgbọ́n mo ní ta ni yóò máa wo àpò aṣọ ọmọdé. Nínú fótò tí Ìdòwú fi ránṣẹ́, àwọn méjèèjì ló ní àpò.

Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, nítorí Kẹ́hìndé ni èmi náà. Táyé mi fi mí sílẹ̀ lọ nígbà tí a wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Nígbà tí mo pé ọdún márùn-ún, Màmá mú mi lọ sọ́dọ̀ onífótò kan ní Ìbàdàn. Ó ní kí n jókòó lápá òsì, ó ya mí. Ó ní kí n bọ́ sí apá ọ̀tún, ó tún ya mí. Nígbà tí fótò délé, àwa méjì ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é fún ìyá tí ọ̀kan nínú ìbejì rẹ̀ ti lọ, kí ojú rẹ̀ lè máa rí méjèèjì. Fótò náà ṣì wà lára ògiri yàrá Màmá, kò sì sí ẹni tó jẹ́ dárúkọ Táyé mi nílé wa.

Màmá, tí òun náà mọ̀ pé aṣọ kan ṣoṣo ni mo rán àpò sí, wo fótò Àpòmù, ó gbé e lé orí ẹní. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti wọlé sí i lára mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní, “Kẹ́hìndé, lọ wò wọ́n wá.” Wọn kì í kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sínú lẹ́tà, wọn kì í sì í bi ìyá ìbejì pé ọmọ rẹ kejì dà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó lọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó ni.

Ṣílè méjì àti sísì ni mo san dé Ìbàdàn, lórí ìjókòó pákó tí kò fẹ́ràn ìdí ènìyàn. Ọkùnrin tó jókòó tì mí bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé kí ló wà nínú àpótí mi. Lẹ́ẹ̀kẹta mo ní òkúta ni, ó sì dákẹ́. Ní Ìbàdàn, mo wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ifẹ̀, ṣílè kan ààbọ̀ dé Ìkirè. Dírẹ́bà búra pé òun kò ní dúró lọ́nà. Nígbà tí a dé Asejire, ó dúró lórí afárá, ó ní kí ẹ́ńjìnnì sinmi. Gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀ lọ bọ́jú lódò Ọ̀ṣun, èmi kò bọ́ sílẹ̀. Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo rò pé òun yóò gbé àpótí mi sá lọ ni. Mo ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò bọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn, ọ̀dàn ni a ti dàgbà, a máa ń rí ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè kí ó tó dé. Lọ́hùn-ún, igbó ló wà lọ́tùn-ún àti lósì, oko kòkó ṣókùnkùn bí inú àjà, ènìyàn á kàn yọ sí ọ ni. Wọ́n ń sá kòkó sórí ẹní lẹ́bàá títì, òórùn rẹ̀ kan bí ẹ̀kọ tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta. Ní Ìkirè, àwọn obìnrin yí ọkọ̀ ká pẹ̀lú ohun dúdú kan nínú ewé. Dòdò ni wọ́n pè é. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá pípọ́n ni, irú èyí tí à ń jù fún ewúrẹ́ nílé. Wọ́n gún un mọ́ ata àti iyọ̀, wọ́n wá dín in nínú epo títí tó fi dúdú. Mo gbóòórùn rẹ̀, mo bi obìnrin náà pé ó ti tó ọjọ́ mélòó. Ó ní kí n kọ́kọ́ jẹ ọ̀kan ná, bí mo bá kú, kí n má sanwó. Mo jẹ ẹ́, ó dùn, kí n má parọ́. Mo ra ìdì méjì, tọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún Táyé, ọ̀kan fún Kẹ́hìndé. Mo ti pinnu rẹ̀ nínú ọkọ̀ pé n kò ní béèrè ohunkóhun. Ìdì kejì ni n ó máa ṣọ́, kí n lè rí ẹni tí yóò gbà á.

Òǹtẹ̀ onífótò wà lẹ́yìn fótò náà, Ìkirè ló sì wà, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yà sí. Ọ̀gá Fótò ni gbogbo ọjà ń pè é. Ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún ará ìlú: àwọn obìnrin tí wọ́n ń sá kòkó, alágbẹ̀dẹ pẹ̀lú owú rẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n tò láìwọ bàtà, àlùfáà kan tó gbé tẹ̀sùbáà lé orúnkún. Àwọn àgbà dojú kọ wa gan-an, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Mo wò wọ́n títí, mo sì rí i pé aago kan náà ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin mẹ́rin tí wọn kò jọra, àti pé rédíò kan náà ló wà níwájú ìdílé mẹ́ta. Mo bojú wẹ̀yìn, rédíò ọ̀hún rèé lórí pẹpẹ, inú rẹ̀ ṣófo. Bí àwọn ọmọ ọmọ wa bá rí àwọn fótò yìí lọ́jọ́ kan, wọn yóò ní gbogbo ará Ìkirè ló ní aago. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀.

Òun náà kò sì fọkàn tán mi. Ó wo àpótí mi, ó wo bàtà mi, ó bi mí bóyá àwọn agbowó orí ló rán mi. Ó ní wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń wo ògiri òun kí wọ́n lè mọ ẹni tó ti ra kẹ̀kẹ́. Mo yọ fótò ìbejì jáde. Ó ní òun ló yà á, ó ní iṣẹ́ gidi ni. Mo fi ìka kan àpò kan, mo fi kan èkejì, mo ní èmi ni mo rán aṣọ yìí, àpò kan ṣoṣo ni mo sì rán. Ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ ti agolo mílíìkì tó ń kó fíìmù sí wọ abẹ́ tábìlì.

“Ẹ lọ bi ìyá wọn,” ni gbogbo ohun tó sọ.

Bí kò bá sí nǹkan, kí ló dé tí kò lè sọ ọ́? Ọkọ̀ Àpòmù gba sísì, ọ̀nà náà kò sì jìn, ṣùgbọ́n lójú mi ó gùn ju ti Ìbàdàn lọ. Gbogbo ohun tí mo ń rò ni bí n ó ṣe wọlé tọ Màmá.

Ìdòwú kúnlẹ̀ kí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pọ̀ jù lójú mi. Ó ní ọkọ òun wà lóko lápá Orílẹ̀-Òwu. Fótò náà wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti fi dígí bò ó. Abọ́ kékeré méjì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n abọ́ méjì kò jámọ́ nǹkan, nítorí Màmá náà ń gbé abọ́ méjì kalẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Táyé sáré jáde, mo fún un ní ìdì dòdò rẹ̀. Mo gbé ìdì kejì sórí àga, mo ń ṣọ́ ọ. Ìdòwú mú un, ó wọ yàrá lọ. Mo gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó padà dé lọ́wọ́ òfo.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Màmá ṣe máa ń gbé ìpín Táyé mi wọ yàrá lọ fún ère rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Ìdòwú bi mí pé kí ló dé, mo ní ata dòdò ni.

Ibi tí mo ti ń nu ojú ni mo ti rí i tí kọ́tìnnì yàrá mì. Ọwọ́ kékeré kan yọ, ó dúdú fún dòdò. Lẹ́yìn náà, ààbọ̀ ojú kan. Ìdòwú ní, “Àǹtí mi, ẹ má dá a lóhùn o. Bó bá ti gbọ́ ohùn àlejò báyìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń lọ.” Mo ní kí Táyé lọ dúró tì í, kí n lè rí méjèèjì lójú kan náà. Ẹ má bínú sí mi: ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ọmọ méjì ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì sunkún gan-an, inú mi sì dùn.

Nígbà náà ni mo tó sọ ti àpò. Ìdòwú lọ kó aṣọ méjèèjì jáde, ó gbé fótò kúrò lára ògiri, ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ rárá. Ó ní obìnrin tó ń gbé ọ̀kánkán òun kò béèrè Kẹ́hìndé mọ́ láti ọjọ́ tí ó ti rí fótò náà, ńṣe ló kàn ń wo òun tàánútàánú, òun kò sì mọ ohun tí òun ṣe fún un.

“Onífótò yẹn fi ọmọ mi tó wà láàyè sípò ẹni tó ti lọ,” ni Ìdòwú wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa mẹ́rin la wọ ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Fótò. Nígbà tó rí ọmọ méjèèjì, ó jókòó. Ó ní Kẹ́hìndé kò dúró jẹ́ẹ́, ó ti ba fíìmù mẹ́ta jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ìyá wọn sì ní ojú tó mọ́ kedere ni òun fẹ́. Ó ní iṣẹ́ tí òun ti ń bá àwọn abiyamọ tó ṣọ̀fọ̀ ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ ló wá sí òun lọ́wọ́, òun wá tẹ fótò Táyé lẹ́ẹ̀mejì nínú yàrá òkùnkùn, òun kò rò ó dénú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìdòwú. Ó yọ fíìmù àtijọ́ nínú agolo, mo sì fi àlùmọ́gàjí mi gé e sí wẹ́wẹ́ lójú gbogbo wa.

Ó tún wọn yà. Táyé jókòó bí ìyálóde. Kẹ́hìndé kọ́kọ́ jókòó, àmọ́ bí onífótò ṣe borí rẹ̀ lábẹ́ aṣọ dúdú báyìí, ó yíjú, ó ń wá ìyá rẹ̀. Ọ̀gá Fótò ní òun yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní kí ó fọ èyí tó yà yẹn fún mi bẹ́ẹ̀. A dúró títí tó fi gbẹ lórí okùn nínú oòrùn.

Mo dé Ìsẹ́yìn ní ọjọ́rọ̀ ọjọ́ kẹta. N kò jókòó kí n tó gbé fótò náà lé Màmá lọ́wọ́. Nílé wa, bí wọ́n bá gbé fótò wá báyìí, àpò aṣọ là ń kọ́kọ́ wò, mo sì rí i tí ojú Màmá ń wá a: aṣọ kan ní àpò, èkejì kò ní. Lẹ́yìn náà ló fi ìka kan ọmọ tí ojú rẹ̀ rí wúruwùru, tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di méjì.

“Èyí ni Kẹ́hìndé?”

Mo ní òun ni. Mo ní kò jókòó jẹ́ẹ́.

Màmá gbójú sókè sí ara ògiri, níbi tí èmi méjì jókòó sí láti ọjọ́ yìí wá láìmira. Ó wá sọ ohun tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú.

“Táyé tìrẹ náà kì í jókòó jẹ́ẹ́,” ni ó wí, ó sì ní kí n gbé oúnjẹ wá.