Mẹ́wàá Nínú Mẹ́wàá: Ikú Màmá Ẹ̀rọ ti Ìkòsì

Màmá Clara Ṣọládé, tí gbogbo Ìkòsì mọ̀ sí Màmá Ẹ̀rọ, kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni wọ́n. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú ni Ìgbìmọ̀ Ìdùnnú Àgbà ti àdúgbò wa gbé àmì-ẹ̀yẹ lé wọn lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí arúgbó tí inú rẹ̀ dùn jù lọ ní gbogbo agbègbè yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kí Ìgbìmọ̀ kú iṣẹ́. Kò wọ́pọ̀ kí inú èèyàn dùn títí kó fi kọ oúnjẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni, oúnjẹ ni Màmá kọ̀. Wọn ò ṣubú, ibà ò sì mú wọn. Fún bí oṣù méjì, ẹ̀kọ tí Labeebah bá gbé wá láàárọ̀, ewúrẹ́ ilé kejì ló ń jẹ ẹ́. Labeebah ni obìnrin tí yàrá rẹ̀ dojú kọ ti Màmá, àlùbọ́sà ló ń tà ní Mile 12. Òun náà ló kọ́kọ́ rí òkú. Dókítà tó wá yẹ òkú wò ní ọjọ́ orí ló pa wọ́n. Ọjọ́ orí! Ọ̀rọ̀ yẹn mà dùn lẹ́nu wa o. Orúnkún ń dun arúgbó, ọjọ́ orí ni. Ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn, ọjọ́ orí ni. Ó jókòó sójú kan látàárọ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, ọjọ́ orí náà ni. Tó bá jẹ́ pé báyìí ni ọjọ́ orí ṣe ń pààyàn, kí ló dé tí ìyá àwọn ọ̀gá wa ń pé àádọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n tún ń ge àkàrà òyìnbó?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe Màmá. Etí wọn ti di. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n fi dúró ti ẹ̀rọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ẹ̀rọ tó jẹ́ pé tó bá ti ń ké, ẹ ò ní gbọ́ orúkọ ara yín. Àwa oníbàárà a gbé ata wa kalẹ̀, a fi ìka di etí, a gba ata, a lọ. Màmá ò níbi tí wọ́n fẹ́ sá lọ. Ẹ̀rọ la fi sọ wọ́n lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ̀ ò kàn wọ́n.

Mo wá ń rántí báyìí bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tí etí náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Wọ́n á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ikùn ẹ̀rọ, wọ́n á dijú díẹ̀, wọ́n á ní, "Òkúta inú ẹ̀rọ yìí ti jẹ tán." Wọn kì í ṣì í. Ẹni tó bá gbé ẹ̀wà àkàrà wá, Màmá á kọ́kọ́ fi omi fọ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á tọ́ omi ìkẹyìn wò kí ata àná má baà ba ẹ̀wà ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Wọ́n fẹ́ràn ìjà ṣá! Ìyàwó mi, Mojí, kì í gbé ata lọ kó dé láì jẹ èébú. "Mojí, gbogbo ata rodo yìí! Ṣé o fẹ́ pa ọkọ ẹ ni?" Mojí á fèsì, àwọn tó wà lórí ìlà á dá sí i, gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Màmá ò gbọ́ èsì mọ́, ìjà náà tán. Lẹ́yìn náà, wọ́n ta ẹ̀rọ.

Ẹ lè bi mí pé báwo ni adití ṣe gbé àárín wa fún ọdún mẹ́fà tí a ò mọ̀. Ìwà ọmọlúàbí wa ló bò ó mọ́lẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà." "A dúpẹ́." "Ara ńkọ́?" "A dúpẹ́." "Àwọn ọmọ ńkọ́?" "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Tí Màmá bá wá rí i pé ẹnu yín ń lọ, tí kò tètè pa dé, wọ́n á gbà pé àdúrà lẹ ń gbà, wọ́n á ní, "Àmín o." Ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí ìbéèrè tó dé. Èmi tí mò ń kọ èyí, ojoojúmọ́ ni mò ń dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n á dá mi lóhùn, èmi á sì máa yan lọ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́. Ojú ń tì mí.

Yẹ́misí, ọmọ wọn, ń gbé inú ẹ́sítéètì tó ní géètì ní Ìṣẹ́rì Olówóra. Ọmọ gidi ni, kò jẹ́ kí ọjọ́ Àìkú kan kọjá láì pe ìyá rẹ̀. Lórí fóònù ni. Màmá á gbé fóònù sétí, wọ́n á máa súre títí iná ojú fóònù á fi kú. "Uncle," ló wí fún mi pẹ̀lú ẹkún, "Mummy máa ń sọ fún mi pé everything is fine."

Èmi àti Yẹ́misí, ẹ̀bi tiwa nìyẹn, a ò sì sá fún un. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fún wa ní ọkọ̀, ọ́fíìsì àti káàdì ìdánimọ̀ láti máa wádìí ọkàn àwọn àgbà. Ìgbìmọ̀ ni wọ́n fún. Arábìnrin Stephanie, òṣìṣẹ́ Ìgbìmọ̀, dé ọ̀dọ̀ Màmá lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Labeebah wà lọ́jà. Ó fi ìbòmú bo ẹnu àti imú, ó tẹ orí ba ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbéèrè mẹ́wàá. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ti Stephanie, inú fọ́ọ̀mù ló wà.

Mo ti rí fọ́ọ̀mù náà. Ìbéèrè kìíní: Ṣé ẹ ń gbọ́ràn dáadáa? Ìdáhùn: A dúpẹ́. Stephanie fàmì sí "bẹ́ẹ̀ ni". Ìkẹrin: Ṣé inú yín máa ń bàjẹ́ láìnídìí? A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó fàmì sí "bẹ́ẹ̀ kọ́". Ìkẹsàn-án ló gùn jù: Ṣé ẹ ti rò ó rí pé ó sàn kí ẹ kú ju kí ẹ wà láyé lọ? Màmá rí i pé ìbòmú ń mì pẹ́. Wọ́n ní, "Àmín o. Ìwọ náà á dàgbà, ọmọ mi." Stephanie kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó fi gègé pupa kún un pé: Màmá ní ìgbàgbọ́ tó lágbára. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Ẹ̀bùn wo lẹ rò pé wọ́n fún Màmá lọ́jọ́ àmì-ẹ̀yẹ náà? Rédíò. Wọ́n gbé rédíò fún adití! Wọ́n yí ohùn rẹ̀ sókè nínú gbọ̀ngàn, Màmá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹ̀rọ ata, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́ pé ẹ̀bùn náà dùn mọ́ ìyá arúgbó. Wọ́n ti ya fọ́tò rẹ̀.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú rédíò yìí, Labeebah pa ìsọ̀ rẹ̀ tì, ó lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ogudu. Òun nìkan ló mọ bí a ṣe ń bá Màmá sọ̀rọ̀: á fọwọ́ kàn wọ́n léjìká, á dojú kọ wọ́n, á la ẹnu dáadáa. Òun ni Màmá sì sọ fún pé, "Labeebah, kò sẹ́ni tó ń bá mi jà mọ́. Ẹni tí wọn ò bá jà mọ́, ó ti kú nìyẹn."

"Aunty, Màmá ò jẹun mọ́ o," ni Labeebah wí.

Stephanie ṣí fáìlì. "Madam, Màmá score ten over ten. Àwọn tó score four sísàlẹ̀ la máa ń follow up."

"Wọn ò gbọ́ ohun tí ẹ bi wọ́n ni!"

"Madam, wọ́n dáhùn gbogbo questions."

Lẹ́yìn ikú, mo lọ bá ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Bartholomew. Ó fi sùúrù là mí lọ́yẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ mi. A bi Màmá pé ṣé wọ́n ń gbọ́ràn. Wọ́n dáhùn. Ẹni tí kò gbọ́ràn, báwo ló ṣe máa dáhùn?" Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣeré. Kò ṣeré rárá.

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la fẹ́ sin Màmá. Bartholomew ti ránṣẹ́ sí Yẹ́misí pé kí ìjọ fún Ìgbìmọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún láti sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe mú inú olóògbé dùn. Rárá o. Tí ẹ bá máa sọ̀rọ̀, ẹ gbé fọ́ọ̀mù yẹn wá, kí ẹ kà á sókè lójú ìjọ, láti ìkíní dé ìkẹwàá. Kí ẹ sì sọ ẹni tó pàṣẹ pé tí arúgbó bá ti gba mẹ́wàá, igbe aládùúgbò rẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan. A fẹ́ mọ orúkọ ẹni náà, a sì fẹ́ kó kúrò lórí àga.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ọjọ́ Ẹtì. Àwọn mọ́kànlá mìíràn ló tún gba mẹ́wàá lọ́dọ̀ yín, orúkọ wọn wà nínú fáìlì. Ẹ lọ bá wọn lónìí. Ẹ yọ ìbòmú, ẹ jókòó síwájú wọn, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Ohun yòówù tí wọ́n bá fi dá yín lóhùn, ẹ ṣí ìkòkò wò.