Méjì Tèmi, Mẹ́ta Ti Gbogbo Wa

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni mo ra dòdò Ìkirè lójú títì lánàá, kò sì ju ẹnu mẹ́ta lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kọ́bọ̀ kan ni ọmọbìnrin tó ń kiri í wọ Àpòmù ń ta ìdì ewé kan, àwa ọmọ mẹ́ta á sì jẹ ẹ́ títí epo á fi máa ṣàn dé ìgúnpá wa. N kò bá ẹni tó tà á fún mi jà. Kí ni kò tíì wọ́n? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe tú bébà rẹ̀, tí òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù àti ata gbígbẹ gba imú mi, ohùn Bàbá Kúùkù ló dún sí mi létí: "Lọ fọwọ́! Ta ló fẹ́ fi ọwọ́ elépo kan káàdì mi?"

Aládùúgbò wa ni Bàbá Kúùkù ní Àpòmù. Wọ́n ti se oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó kí wọ́n tó padà wálé wá dáko kòkó. Ohun tí wọ́n kó bọ̀ kò pọ̀: àpótí páànù kan, ìkòkò kọfí kan tí etí rẹ̀ ti já, àti káàdì tí wọ́n fi aṣọ funfun wé bí ọmọ tuntun. Tí oòrùn bá ti rọ̀, tí a bá ti yí kòkó orí ẹní padà, wọn á jókòó sábẹ́ igi ọsàn, wọn á dojú àpótí náà dé, wọn á sì máa po káàdì. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí ẹyẹlé bá gbéra lẹ́ẹ̀kan náà lórí páànù ilé. Títí dòní, tí mo bá gbóòórùn kòkó tó ń gbẹ, káfúrà tó wà lára aṣọ wọn ni mò ń retí kó tẹ̀ lé e.

Àwa mẹ́ta là ń bá wọn ta á: èmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí oko bàbá rẹ̀ pààlà pẹ̀lú tiwa. Wọn á pín mẹ́rin mẹ́rin fún wa ní ìdojúbolẹ̀. Wọn á ṣí mẹ́ta sáàárín àpótí, wọn á dúró kí a wò ó dáadáa, wọn á ṣí ẹyọ kan sí i, wọn á tún ṣí ẹyọ kan. Márùn-ún àárín yẹn, ti gbogbo wa ni. Ní ìkẹyìn, káàdì márùn-ún péré lèèyàn á fi jà: méjì nínú tirẹ̀, mẹ́ta nínú ti àárín. Kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Bí nọ́ńbà tàbí àwòrán kan náà bá jẹ́ méjì, ìbejì nìyẹn. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, ìbẹta. Ìbejì méjì borí ìbejì kan, ìbẹta sì borí ìbejì méjì. Ó kù díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èmi kò mọ̀ ọ́n. Bí mẹ́ta tó dára bá ti wà lọ́wọ́ mi, ó máa ń dùn mí láti fi ìkan sílẹ̀.

"Kànga àdúgbò ni ti àárín yìí," Bàbá Kúùkù á sọ. "Kí lò ń gbé lọ sí kànga?"

"Okùn àti korobá, Bàbá."

"Méjì. Omi ńkọ́?"

"Ti gbogbo wa ni."

"Ó dáa. Má tún gbé kànga ti ara rẹ wá bá mi níbí mọ́."

Àgbàdo là ń fi ta á. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé tirẹ̀ á ju hóró díẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí ẹ̀rù bá bà á da káàdì rẹ̀ bolẹ̀. Tí a bá parí, wọn á gbá gbogbo àgbàdo náà fún adìẹ wọn. Tí wọ́n bá pe ìrun Asárì, wọn á fi fìlà bo káàdì bó ṣe wà, wọn á gbé búta, àwa náà á sì tẹ̀ lé wọn.

Bàbá mi ni kò fẹ́ ẹ. Ọmọ ààfáà ni wọ́n, kò sì sí ohun tó ń jẹ́ káàdì létí wọn àyàfi tẹ́tẹ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n yọ sí wa lábẹ́ igi ọsàn. Kì í ṣe ẹgba ló bà mí lẹ́rù. Bí wọ́n bá ní kí n má wá mọ́, kí ni mo fẹ́ máa fi ìrọ̀lẹ́ mi ṣe?

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń kọ́ ọmọ mi ní tẹ́tẹ́."

"Ọmọ Ààfáà, káàbọ̀. Tẹ́tẹ́ dà? Oúnjẹ adìẹ mi lo rí nílẹ̀ yìí."

"Àgbàdo lónìí, owó lọ́la."

"Jókòó ná. Èèyàn kì í dúró lóòró dájọ́ ohun tó wà nílẹ̀."

Àgbà ló sọ̀rọ̀, bàbá mi jókòó. Bàbá Kúùkù ṣàlàyé okùn, korobá àti kànga fún wọn. Bàbá mi gbọ́ ọ tán, wọ́n nàka sí mi.

"Bí ọmọ yìí bá borí mi, kó máa bọ̀. Bí mo bá borí rẹ̀, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan àgbàlá yìí mọ́."

Bàbá Kúùkù wo ojú wọn, bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n po káàdì, wọ́n pín in fún àwa méjì.

Mo gbé tèmi díẹ̀díẹ̀. Ọba, Ọba, Ọba, àti márùn-ún kan. Mẹ́sàn-án, mẹ́rin àti méje ló kọ́kọ́ jáde sáàárín. Ayaba tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà méjì. Bàbá mi tẹ́ tiwọn: mẹ́sàn-án kan, mẹ́rin kan, tó bá ti àárín mu. Ìbejì méjì. Mo da tèmi sílẹ̀.

"Ìbẹta Ọba!"

Bàbá mi kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ó borí mi," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń dìde. Bàbá Kúùkù ń wo ìkòkò kọfí wọn bí ẹni pé ó fẹ́ hó dànù, bẹ́ẹ̀ kò sí iná lábẹ́ rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo rí i. Gbogbo Ọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ mi ni wọ́n ti wá. Mo ti tún gbé kànga wá láti ilé.

Mo lè dákẹ́. Bàbá mi ti ń wọ bàtà.

"Bàbá mi," mo ní, "mo ṣì í kà. Mẹ́ta tèmi ni mo lò, méjì sì ni òfin. Ìbejì kan péré ni mo ní. Ẹ̀yin lẹ borí."

"Ta ló bi ẹ́ léèrè?" ẹ̀gbọ́n mi sọ lẹ́yìn mi, ohùn rẹ̀ fẹ́ di ẹkún.

Bàbá mi yíjú. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ lo jẹ, ohun tí o fi lélẹ̀ sì ti di tìrẹ." Bàbá Kúùkù bẹ̀rẹ̀ sí í kó káàdì jọ. "Àmọ́, Ọmọ Ààfáà, láti ìgbà tí èmi àtàwọn ọmọ yìí ti ń ṣeré, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó ta tẹ́tẹ́ lórí àpótí mi."

Bàbá mi dúró.

"Àsìtágífúrúlà," ni wọ́n fi tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Wọ́n fọwọ́ nu ojú. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Èrè tẹ́tẹ́ kò gbọdọ̀ wọ ilé mi." Wọ́n kọjú sí mi: "Máa dé kí oòrùn tó wọ̀."

Lọ́sẹ̀ kejì, abọ́ àgbàdo kan wà lẹ́nu ọ̀nà. "Gbé e fún adìẹ Bàbá," ni bàbá mi wí, wọn kò sì wo ojú mi. Nígbà tí mo gbé e débẹ̀, Bàbá Kúùkù sọ fún mi pé àwọn ti rí àṣìṣe mi lọ́jọ́ yẹn, kí n tó rí i. "N kò fẹ́ kó ti ẹnu mi jáde."

Mo lọ sí yunifásítì lẹ́yìn náà, mo kọ́ ìṣirò tó le ju ti káàdì lọ. Síbẹ̀, tí mo bá jókòó tí mò ń ka ohun tí mo ti dà láyé, ọwọ́ mi máa ń yára kó mẹ́ta. Màá rántí owó iléèwé tí àwọn ará ilé dá fún mi lẹ́yìn ìkórè kòkó, màá rántí ẹni tó gbà mí sílé n'Íbàdàn, màá sì dá ìkan padà sáàárín.

Bàbá Kúùkù kú kí n tó ṣe tán ní yunifásítì. Bàbá mi tẹ̀ lé wọn. Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ará Ògbómọ̀ṣọ́, jáde láyé ní èṣí. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Ìkirè, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Mo máa ń ka káàdì rẹ̀ sí i létí, ó sì ṣì ń borí mi. Òun ni mo gbé dòdò náà lọ bá lánàá. A fọwọ́ kí n tó pín káàdì.

Àwa méjì ló kù lọ́wọ́. Àwọn mẹ́ta yòókù ti wà nílẹ̀.