Ilẹ̀ tí Ẹran Rẹ̀ Kì í Sá

Ọkọ mi kì í ṣe olójúkòkòrò. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí kọ́kọ́ mọ ìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ kiri lẹ́yìn rẹ̀ kò dùn mọ́ mi létí. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: bí òjò bá dá, ó wọ igbó, bí odò bá kún, ó gbé àwọ̀n. Mátàsé ni gbogbo àdúgbò ń pè é nítorí ìbọn rẹ̀. Èmi tí mo mọ bó ṣe máa ń fi òòlù gbá ìka ara rẹ̀ nígbàkígbà tó bá ń kan ìṣó, ẹ̀rín ni orúkọ náà máa ń pa mí.

Yàrá wa wà ní ìparí òpópónà kan tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sétí odò. Àwọn ọmọ ti lọ sílé ọkọ, àwọ̀n ló wá gba àyè wọn. Ìwọ̀ ẹja wà nínú agolo lójú fèrèsé, ìbọn wà lókè ilẹ̀kùn. Kí èèyàn tó dé orí ibùsùn, àfi kó máa gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń kọjá lórí ọmọ tó ń sùn. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń yan ẹja. Èéfín ibẹ̀ kò kúrò lára aṣọ mi rí, bó ti wù kí n fọ̀ ọ́ tó.

Nígbà tó yá, àwọn ọkọ̀ tó ń fa yanrìn dé sórí odò. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń bú ramúramù, omi di ẹrẹ̀, ẹja bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Igbó tó wà lódìkejì náà, wọ́n wó o kanlẹ̀, wọ́n mọ ògiri yí i ká. Mátàsé á jáde, á padà dé, àwa méjèèjì á kàn máa wo ojú ara wa. Lọ́jọ́ kan, kò sí nǹkan kan nínú àwọ̀n rẹ̀ ju ọ̀rá àti bàtà ẹsẹ̀ kan lọ. Ó gbé bàtà náà wá fún mi.

"Yan èyí," ló wí.

"Èkejì rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀kan ò lè yó wa."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó ní, "Ìyá wa, a máa kó kúrò níbí."

Òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ni wọ́n jọ wá ilẹ̀. Adúmáadán ni èmi ń pe àbúrò yẹn. Adúmáadán rí ibì kan lórí òkè: odò kékeré kan, òkété, ọ̀yà, ẹja wẹ́wẹ́. Ọkọ mi rí tirẹ̀ níbi tí odò ńlá ti ṣẹ́ kọ́rọ́ bí ìgbọ̀nwọ́, tí ilẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ àwọn igi ńlá. Àwa mẹ́ta la jọ lọ wò ó. Ó ní kí èmi náà bọ̀, pé ẹni tó máa yan ẹja ló yẹ kó wo igi ìdáná.

Kí n má purọ́, ilẹ̀ náà dára. A kò tíì so ọkọ̀ tí ẹja ti ń ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ẹtu kan jáde látinú koríko, ó dúró, ó ń wò wá, ó ń jẹnu lọ. Ọkọ mi gbé ìbọn sókè, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ ò rí nǹkan? Kò mọ ohun tó ń jẹ́ èèyàn. Ọdẹ kankan ò dé ibí rí."

"Tàbí kó jẹ́ pé àwọn tó dé ò pẹ́," ni mo wí.

"Ìwọ àti ẹnu rẹ!"

Ohun kan wà tí àwọn ará iṣẹ́ wọn máa ń wò kí wọ́n tó tẹ̀dó sétí omi. Ẹyẹ ẹ̀gà máa ń so ìtẹ́ rẹ̀ rọ̀ sára ẹ̀ka tó nà sórí odò, kì í sì í so ó síbi tí omi ọdún náà máa dé. Bàbá wọn ló kọ́ wọn, kò sì já wọn kulẹ̀ rí. Ọkọ mi tọ́ka sí àwọn ìtẹ́ ibẹ̀. Wọ́n pọ̀, wọ́n sì rẹlẹ̀ débi pé ó na ọwọ́ kàn wọ́n látinú ọkọ̀. Ó ní omi ọdún yìí ò ní gòkè, pé a máa gbé lórí ilẹ̀ gbígbẹ títí òjò á fi tán.

Èmi ń tẹ́tí. Ẹni tó bá mọ ẹ̀gà mọ̀ pé ariwo ni iṣẹ́ wọn. Igi tí wọ́n bá bà lé, èèyàn méjì ò lè dúró lábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n gbọ́ ara wọn. Níbẹ̀ yẹn, omi tó ń kán láti ẹnu àjẹ̀ ni mò ń gbọ́.

"Baálé mi, àwọn tó ni ilé wọ̀nyí dà?"

"Wọ́n lọ wá oúnjẹ."

"Gbogbo wọn?"

Adúmáadán bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, bóyá wọ́n lọ sípàdé."

A jẹun ọ̀sán níbẹ̀, oòrùn ń wọ̀, ẹyẹ kan ò padà wálé. Mo ní koríko ìtẹ́ náà ti pọ́n bí ìgbálẹ̀ àlòkù. Ọkọ mi ní oòrùn ló gbẹ ẹ́. Lábẹ́ igi kan, ẹsẹ̀ mi kọ òkúta ìdáná tí ẹrẹ̀ gbígbẹ ti bò mọ́lẹ̀. Mo pè é wá wò ó.

"Ẹnì kan ti dáná níbí. Kí ló lé e kúrò níbi tó dára tó báyìí?"

"Bóyá ìyàwó rẹ̀ ń béèrè ọ̀rọ̀ jù."

Ojú ọ̀nà ilé ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká gba orí òkè. Ẹja ibẹ̀ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀ síbẹ̀."

"Ọkàn tó balẹ̀, ṣé wọ́n ń yan án jẹ ni? Máa lọ pa eku lórí òkè. Tí ebi bá dé, o mọ ilé mi."

"Àwọn ìtẹ́ yẹn ni mi ò..."

"Ṣé bàbá wa purọ́ fún wa ni?"

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Adúmáadán gba òkè lọ, àwa kó lọ sí ìgbọ̀nwọ́ odò.

Níbẹ̀rẹ̀, ẹja tí mo yan pọ̀ débi pé apá ń ro mí. Ẹtu ń wá mu omi lẹ́bàá ilé bí ewúrẹ́. Mátàsé ń súfèé láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń gbálẹ̀, ojú mi kì í kúrò lára àwọn ìtẹ́ òfìfo yẹn. Afẹ́fẹ́ á fẹ́, ọ̀kan á já bọ́ sómi, á léfòó lọ. Kò sí ẹni tó ń wá a.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ẹ̀gà dé. Ariwo wọn ló jí mi láàárọ̀, mo sì fi ìdùnnú sáré jáde. Ọkọ mi ti wà níta, ó gbójú sókè. Koríko tútù yọ̀yọ̀ ló wà lẹ́nu àwọn ẹyẹ náà, wọn ò sì tilẹ̀ yà sí ẹ̀ka ìsàlẹ̀ rárá. Téńté orí igi, níbi tó ga ju òrùlé wa lọ fíìfíì, ni wọ́n ń hun tiwọn sí.

Ó rọra jókòó sílẹ̀ nínú ìrì.

"Ti èṣí ni," ló wí. "Ìtẹ́ èṣí ni mo wò."

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá àbúrò yín, nísinsìnyí."

"A máa lọ. Gbé ẹja rẹ, kí o gba ọ̀nà òkè ṣáájú. Màá kó àwọn àwọ̀n, màá sì fi ọkọ̀ tẹ̀ lé ọ."

"Ẹ fi àwọ̀n sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí n wá dé ilé àbúrò mi lọ́wọ́ òfìfo, kó máa bọ́ èmi àti ìwọ? Òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ẹ̀ẹ̀kan! Máa lọ jàre."

Mo gbé agbọ̀n rù. Ojú ọ̀run mọ́ lókè mi bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo ti gun òkè dé ìdajì kí n tó gbọ́ ìró kan lẹ́yìn, bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń fa aṣọ ya. Òjò tó rọ̀ lọ́nà jíjìn lókè odò, tí àwa ò rí, omi rẹ̀ ló dé. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ilẹ̀ pẹrẹsẹ náà ti ń dán.

Nígbà tí ìgbì rọlẹ̀ díẹ̀, Adúmáadán yá ọkọ̀, mo sì wọ̀ ọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní kí n dúró, mo gbé àjẹ̀ kan. A wa ọkọ̀ kọjá lórí ilé wa. Lókè igi, ara àwọn ẹ̀gà yá gágá. Omi gòkè dé abẹ́ ìtẹ́ wọn, ó sì dúró síbẹ̀.

Ọkọ̀ ọkọ mi há sí àárín ẹ̀ka igi. Àwọn àwọ̀n wà nínú rẹ̀, ó ká wọn bó ṣe máa ń ká wọn, etí wọn bára mu. Ọ̀kan ṣoṣo ni n kò rí, èyí tó máa ń dẹ sínú eèsún níbi tí ọkọ̀ kì í wọ̀. Ẹsẹ̀ ló fi máa ń wọ́dò lọ mú ìyẹn.

"Bọ̀dá! Bọ̀dá o!" Adúmáadán pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn ẹyẹ ń pariwo bò ó.

A kò rí i. Orí òkè ni mò ń gbé báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá Adúmáadán. Ó ń fi àwọ̀n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dẹ odò kékeré ibí, ṣùgbọ́n ojú àwọ̀n náà fẹ̀ jù, ẹja wẹ́wẹ́ ń yọ́ gba inú rẹ̀ lọ. Láàárọ̀, ó máa ń sá wọn sẹ́nu ọ̀nà mi, omi á máa ro tó tó tó. Mo ti sọ fún un pé kó máa gbé wọn lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí etí mi ò ti ní gbọ́ ọ.