Ọjọ́ Tí Látìbẹ̀rẹ̀ Gé Ọ̀rọ̀ Kúrú

Látìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè é nílé ìfọṣọ tó ti ń lọ aṣọ láti ọdún mẹ́sàn-án, wọn ò sì purọ́ mọ́ ọn. Ẹ bi í pé kí ló ṣe ẹ̀rọ, orúnkún tó ń dùn ún ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Yóò kan òjò, yóò kan ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó tó dé ìdí ẹ̀rọ. Ta ló máa dúró dè é débẹ̀?

Ọmọrí gbígbóná tó ń tẹ aṣọ lórí ẹ̀rọ ìlọṣọ kẹta ti ń já wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ ọ́fíìsì lọ sọ ọ́. Kó tó kúrò lórí òjò, ọ̀gá á ti juwọ́: “Mo ti gbọ́, màmá.” Irọ́ ni, kò gbọ́ nǹkan kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, ọmọbìnrin tó wá gbaṣẹ́ ọ̀sán lọ́wọ́ rẹ̀ náà dúró díẹ̀ kó gbọ́ tẹnu rẹ̀, orúnkún ló gbọ́, kò gbọ́ ti ọmọrí. Ó ní, “Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n,” ó sì wọlé lọ bá ẹ̀rọ kẹta. Kò pé wákàtí kan tí ọmọrí já lé e lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni o!

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí ọ̀gá wí? Pé fóònù lọmọ náà ń tẹ̀, pé òun á lé e dànù ní Ọjọ́bọ̀. Kò mà tijú! Inú bí Látìbẹ̀rẹ̀ sí ọ̀gá. Inú sì tún bí i sí ẹnu ara rẹ̀.

Ó délé, ó fún ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ṣíbí. “Tí mo bá ti yà bàrá, gbá tábìlì.”

“Lọ́jọ́ tí òjò rọ̀...” Gbà!

“Ṣé o rí orúnkún mi yìí...” Gbà!

“Ta ló bi yín léèrè orúnkún, màmá?”

“Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀!” Ó jágbe mọ́ ọn, àmọ́ ó tún un bẹ̀rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, lẹ́tà tó fẹ́ fi lé ọmọbìnrin náà dànù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Látìbẹ̀rẹ̀ dìde. Àwọn kan ti ń wá àga, wọ́n rò pé ilẹ̀ máa ṣú.

“Ọmọrí ẹ̀rọ kẹta ń já fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá sọ fún yín. Ẹ ò tún un ṣe. Òun ló jó ọmọ yìí.”

Ó jókòó. Ọ̀gá ń retí kó kan òjò, kóun lè ráyè juwọ́. Kò kàn án.

“Ẹ ṣàlàyé, màmá.”

“Mo ti sọ ọ́ tán. Tó bá jẹ́ irọ́, ẹ gbé ọwọ́ tiyín síbẹ̀.”

Ọ̀gá wo ẹ̀rọ, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ká lẹ́tà náà sápò.

Lẹ́nu ọ̀nà, ọmọbìnrin náà gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì mọ́ àyà. Kò dúpẹ́. Ojú rẹ̀ pọ́n.

“Ẹ̀gbọ́n, ọmọrí ẹ̀rọ kẹta ń já. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Kí ló dé tẹ́ ò sọ ọ́ báyìí fún mi lọ́jọ́ Ajé?”

Látìbẹ̀rẹ̀ la ẹnu. Àlàyé kún inú rẹ̀: òjò wà níbẹ̀, orúnkún wà níbẹ̀. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Ó ní, “Èmi ni mo jẹ̀bi.”